Ẹ̀kọ́ fún Ìgbà Ìdìbò: Abimeleki àti Àwọn Ará Ṣekemu

Ibi kíkà: Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 8, ẹsẹ 22 àti 23, orí 9, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.



Orí kẹsàn-án ìwé Àwọn Onídàájọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orí tí a kì í sábà kà fún ìjọ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Ìtàn ẹ̀jẹ̀ ni, àwọn tí òbí lè fi ṣe àwòkọ́ṣe fún ọmọ rẹ̀ kò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹni tí ń gbé ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Ìgándò bá fi sùúrù kà á nígbà tí ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, yóò rò pé àdúgbò tirẹ̀ ni akọ̀wé náà ń gbé. Nítorí náà ni a ṣe gbé ẹ̀kọ́ oṣù yìí ka orí rẹ̀. Ìjọ kì í yan ẹgbẹ́ òṣèlú fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojúṣe Ìjọ ni láti kọ́ ọmọ rẹ̀ bí ó ti yẹ kí Kristẹni yan olórí.

ÌGBÀ ÌDÌBÒ LÁÀÁRÍN WA

Kí olùkọ́ kọ́kọ́ rán kíláàsì rẹ̀ létí irú ibi tí a ń gbé. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ náà pín in sí mẹ́fà, kí iṣẹ́ lè rọrùn. Àwọn Àwórì ni ó tẹ ilẹ̀ náà dó. Ṣùgbọ́n nínú ilé alájùmọ̀gbé kan ṣoṣo lónìí, a lè bá Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ìgbò, Ẹ̀gùn, Tápà, Hausa àti Ùròbò, tí gbogbo wọn ń fa omi láti inú kànga kan, tí wọ́n sì ń dá owó iná mànàmáná jọ ní ìparí oṣù.

Nítorí pé a pọ̀, olóṣèlú kì í gbàgbé wa. Bí ìdìbò bá sún mọ́ etílé, a ó rí àwòrán olùdíje lára ògiri ọjà àti lára ọgbà ilé ìjọsìn. Ọkọ̀ agbóhùnsókè a máa lọ a máa bọ̀ láti Ìyànà-Ìpájà dé Ìkòtún. A ó rí katakata lójú ọ̀nà tí ó ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́ta, àti tiransifọ́mà tuntun ní òpópó tí ó ti wà ní òkùnkùn tipẹ́. Ìrẹsì a wá nínú àpò kékeré tí ojú ènìyàn wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ ìdìbò gan-an, ìjọba a dá ìrìn ọkọ̀ dúró. Títì Ìkòtún sí Ìgándò, tí kì í sinmi tọ̀sán tòru, a dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn ọmọdé a sì máa gbá bọ́ọ̀lù ní àárín rẹ̀.

Ìdìbò ọdún 2023 ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jùlọ, nítorí pé inú Lẹ́ńtì ni ó bọ́ sí. Ọjọ́rú Eérú jẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kejì. Ní Sátidé ọjọ́ 25 a dìbò yan Ààrẹ. Ní Sátidé ọjọ́ 18 oṣù Kẹta a dìbò yan Gómìnà. Ọjọ́ kejì rẹ̀ sì ni Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ìyá. Ọ̀wọ́n owó sì gbilẹ̀ ní àkókò náà. Báǹkì Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà ti kéde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 pé a ó pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. A sún gbèdéke rẹ̀ láti ọjọ́ 31 oṣù Kìíní dé ọjọ́ 10 oṣù Kejì, ṣùgbọ́n owó tuntun kò tó. Àwọn ènìyàn ń sùn sí iwájú báǹkì. Àwọn oní-POS ń fi owó ta owó. Ẹni tí ó ní owó ní ìpamọ́ kò rí èyí tí yóò fi wọ danfó láti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ọ̀ṣọ́dì. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó pàṣẹ pé kí a máa ná owó àtijọ́ títí di òpin ọdún náà.

Ní àkókò ìnira yìí ni a mọ ohun tí aládùúgbò jẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́jà ta ọjà ní àwìn fún ẹni tí wọn kò mọ ilé baba rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ẹ̀yà kí ó tó wọn gààrì fún ẹni tí ebi ń pa. Kí kíláàsì fi èyí sọ́kàn, nítorí ó ní ohun tí ó ní láti wí fún wa níwájú.

ÌTÀN NÁÀ

Gideoni, ẹni tí a tún ń pè ní Jerubbaali, gba Israẹli lọ́wọ́ àwọn ará Midiani. Àwọn ènìyàn fẹ́ kí ó jọba, kí ọmọ rẹ̀ sì jọba lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀, ó wí fún wọn pé Olúwa ni ọba wọn. Ó fi àádọ́rin ọmọkùnrin sílẹ̀, àti Abimeleki pẹ̀lú, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ àlè Gideoni ní Ṣekemu. Nígbà tí baba kú, Abimeleki lọ bá àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun bi àwọn ará ìlú léèrè: èwo ni ó sàn, kí àádọ́rin ènìyàn ṣe olórí yín, tàbí kí ẹnì kan ṣoṣo ṣe é? Ó sì rán wọn létí pé ọmọ wọn ni òun. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n fún un ní àádọ́rin owó fàdákà láti inú ilé òrìṣà Baali-beriti. Ó fi í háyà àwọn jàǹdùkú. Ó lọ sí ilé baba rẹ̀ ní Ofra, ó sì pa àwọn arákùnrin rẹ̀ lórí òkúta kan. Jotamu àbíkẹ́yìn nìkan ni ó bọ́. Ó gun orí òkè Gerisimu, ó pa òwe àwọn igi fún àwọn ará Ṣekemu, ó sì sá lọ.

Ọdún mẹ́ta péré ni Abimeleki fi ṣe olórí kí òun àti àwọn tí ó fi í jọba tó dojú ìjà kọ ara wọn. Ó wó ìlú náà, ó fọ́n iyọ̀ sí i; ó ti iná bọ ilé-ìṣọ́ Ṣekemu, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú síbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ní Tebesi ni obìnrin kan ti ju òkúta ọlọ sí i lórí láti òkè ilé-ìṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni òpin sì dé bá a.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: Ọ̀RỌ̀ ẸBÍ

Ẹ kíyèsí ohun tí Abimeleki kò sọ. Kò sọ pé òun yóò gbẹ́ kànga. Kò sọ pé òun yóò tún odi ìlú ṣe, tàbí pé òun yóò dá ẹjọ́ òdodo fún opó. Ìbéèrè tí ó gbé kalẹ̀ pàápàá kì í ṣe òtítọ́, nítorí kò sí ibi tí a ti kà pé àádọ́rin ọmọ náà ń wá oyè. Ìdí kan ṣoṣo ni àwọn ará Ṣekemu rí tí wọ́n fi tẹ̀ lé e, èyíinì ni pé arákùnrin wọn ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sílé. Nígbà tí a ka ibò Ààrẹ ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ Labour ni ó ṣáájú ní Ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú ibò 582,454, APC sì ní 572,606. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ọ̀sẹ̀ ọ̀rọ̀ kíkorò. “Onílẹ̀” àti “àlejò” di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ nínú ọkọ̀ èrò, àwọn tí ó jọ ń gbé láti ogún ọdún sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn tìfura-tìfura. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ní ibi púpọ̀ ní Èkó, a lé àwọn ènìyàn kúrò ní ibùdó ìdìbò, a sì lu àwọn mìíràn, nítorí pé ojú wọn tàbí orúkọ wọn jọ ti Ìgbò. Àwọn ìwé ìròyìn àti àwọn alákìíyèsí ìdìbò jẹ́rìí sí i. A tilẹ̀ rí àwọn ọmọ Yorùbá tí a lé padà, nítorí pé ojú kì í fi gbogbo ìgbà sọ ẹ̀yà ẹni.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ìyá sì dé. Àwọn ìyá wọ aṣọ kan náà, wọ́n sì dúró ní ìlà kan náà kọrin. Ẹni tí a lé padà ní àná àti ìyá ọmọkùnrin tí ó lé e lè wà lórí ìjókòó kan. Obìnrin tí ó ta gààrì ní àwìn ní oṣù Kejì, àlejò ni a pè é ní oṣù Kẹta. Ẹ̀yin ará, báwo ni ẹni tí ó rí i ní Sátidé tí ó sì dákẹ́ yóò ṣe na ọwọ́ sí Oúnjẹ Olúwa pẹ̀lú rẹ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi? Paulu Mímọ́ kọ́ wa nínú Éfésù, orí kejì, pé Kristi ti wó ògiri tí ó wà láàárín Júù àti Kèfèrí. A kò gbọdọ̀ tún un mọ ní ẹnu ọ̀nà ibùdó ìdìbò.

Kí olùkọ́ ṣe ìdájọ́ déédéé níhìn-ín. Ẹni tí ó dìbò fún Yorùbá kìkì nítorí pé Yorùbá ni, àti ẹni tí ó dìbò fún Ìgbò kìkì nítorí pé Ìgbò ni, ọ̀nà Ṣekemu kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ̀. Kì í sì í ṣe pé ọ̀nà mìíràn kò sí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, M. K. O. Abíọ́lá ti Abẹ́òkúta borí ní Kánò, tí í ṣe ìpínlẹ̀ Bashir Tofa tí ó bá a díje. Ìjọba ológun fagi lé ìdìbò náà ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ṣùgbọ́n wọn kò lè fagi lé ẹ̀rí tí ó jẹ́, pé àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí lè wo iṣẹ́ ènìyàn kọjá ilé baba rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: OWÓ ILÉ BAALI-BERITI

Àádọ́rin owó fàdákà ni wọ́n fún Abimeleki, àádọ́rin sì ni àwọn ọmọ Jerubbaali. Ìṣirò náà tọ́ sí ìrònú: owó fàdákà kọ̀ọ̀kan ni a fi díye lé ẹ̀mí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Èkejì, owó náà kò ti inú àpò Abimeleki wá. Inú ilé òrìṣà ìlú ni ó ti jáde, ibi tí àwọn ará Ṣekemu fúnra wọn ń kó ọrẹ sí. Owó wọn ni a fi háyà ọwọ́ tí ó padà wá pa wọ́n. Nígbà tí a bá ń pín ìrẹsì àti aṣọ ní òpópó wa, ó yẹ kí a bèèrè láti inú ilé wo ni owó náà ti jáde. Bí ó bá jẹ́ owó tí ó yẹ kí ó ra oògùn fún ilé ìwòsàn ni, a ti fi ohun ìní wa ra wá.

Ní ìdìbò gómìnà Èkìtì ní ọdún 2018, àwọn ènìyàn sọ àṣà yìí ní orúkọ, wọ́n pè é ní “dìbò kí o sebẹ̀.” Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọbẹ̀ náà. Bí ẹnì kan bá gba 5,000 náírà fún ibò rẹ̀, tí a sì pín in sí ọjọ́ inú ọdún mẹ́rin, kò pé náírà mẹ́rin fún ọjọ́ kan. Kí ni a ó fi rà ní ọjà Ìkòtún? Òfin Ìdìbò ọdún 2022, èyí tí a fi ṣe ìdìbò ọdún 2023, ka ẹni tí ń fúnni àti ẹni tí ń gbà á sí ọ̀daràn kan náà: owó ìtanràn tí ó lè tó 500,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá, tàbí méjèèjì. Òfin Mose, nínú Deuteronomi 16, ẹsẹ 19, sì ti kìlọ̀ tipẹ́ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ a máa fọ́ ojú ọlọ́gbọ́n.

Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe fi òṣì ṣe ẹlẹ́yà. Opó tí ó ní ọmọ mẹ́ta tí kò sì sí ohun tí yóò sè kò rọrùn fún láti kọ àpò ìrẹsì. Bí ìjọ bá fẹ́ kí ó kọ ìrẹsì olóṣèlú, ìjọ ní láti ti bi í léèrè ohun tí ó ń jẹ ní oṣù tí kò sí ìdìbò.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: ÀWỌN IGI TÍ Ó KỌ̀

Nínú òwe Jotamu, àwọn igi ń wá ọba. Ólífì kọ̀ nítorí òróró rẹ̀. Ọ̀pọ̀tọ́ kọ̀ nítorí adùn rẹ̀. Àjàrà kọ̀ nítorí wáìnì rẹ̀. Nígbà náà ni igi-ẹ̀gún gbà, ó sì pe àwọn igi ńlá wá sábẹ́ òjìji rẹ̀. Òjìji wo ni igi-ẹ̀gún ní? Iná nìkan ni ó lè mú jáde, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní gbangba.

Ohun rere ni ìdí tí igi kọ̀ọ̀kan fi kọ̀, ohun rere náà sì ni a ń gbọ́ láàárín wa. Olùkọ́ àgbà tí ó ti fẹ̀yìntì a wí pé òun kò lè fi orúkọ rere òun wọ inú ẹrẹ̀. Oníṣòwò olóòótọ́ a wí pé ọjà òun kò gba òun láyè. Bẹ́ẹ̀ ni a kò rí wọn ní ìpàdé wọ́ọ̀dù níbi tí a ti ń fa olùdíje kalẹ̀. Àwọn baba wa wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá jókòó sílé, ta ni yóò tún orí náà ṣe?

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ jáde dìbò. Ní ọdún 2023, orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìdìbò Ìpínlẹ̀ Èkó ju 7,000,000 lọ; àwọn tí ó dìbò yan Ààrẹ kò tó ẹnì kan nínú márùn-ún. Òtítọ́ ni pé ẹ̀rù ba àwọn kan, pé àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò pẹ́ kí wọ́n tó dé ibòmíràn, pé àwọn kan kò sì rí káàdì wọn gbà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó sùn kò kéré.

Kí a rántí ohun tí ẹ̀tọ́ yìí jẹ́ fún àwọn tí ó ṣáájú wa. Ìdìbò kìíní sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Èkó wáyé ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923, fún ìjókòó mẹ́ta. Ẹgbẹ́ tí Herbert Macaulay dá sílẹ̀, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ni ó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un tó 100 pọ́ùn ní ọdún kan nìkan ni ó lè dìbò. Obìnrin kò ní ìpín níbẹ̀, ẹ̀tọ́ náà kò sì dé àwọn abúlé bí Ìkòtún àti Ìgándò. Ohun tí a fi dù wọ́n ni àwa fi pamọ́ sínú àpótí, tí a sì ń pè ní káàdì.

Kí a má sì ṣe rò pé ìdìbò Ààrẹ nìkan ni ìdìbò. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú, ojú àgbàrá, pàǹtírí, àti ìpín nínú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn nǹkan tí ó ń bí wa nínú lójoojúmọ́ nìyí. Síbẹ̀, nígbà tí a dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, àwọn tí ó jáde kò pọ̀. Ẹni tí kò mọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀, ta ni yóò pè nígbà tí àgbàrá bá wọ yàrá rẹ̀?

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: INÁ KÌ Í YAN ILÉ

Jotamu sọ tẹ́lẹ̀ pé bí àwọn ará Ṣekemu kò bá ṣe òtítọ́, iná yóò ti ọ̀dọ̀ Abimeleki jáde sí wọn, yóò sì ti ọ̀dọ̀ wọn jáde sí Abimeleki. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ilẹ̀ wa ti rí iná yìí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965, a ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti sí ara àwọn alátakò, a sì ń pe ìwà búburú náà ní “wẹ́tiẹ̀.” Abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà àti agbègbè rẹ̀, tí Alímọ̀ṣọ́ wà nínú rẹ̀, ṣì wà nígbà náà; ọdún 1967 ni wọ́n di ara Ìpínlẹ̀ Èkó. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, àwọn ológun ti gba ìjọba ní oṣù Kìíní ọdún 1966, wọn kò sì gbé e sílẹ̀ títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1979. Ní ọdún 1983, ìdìbò tún mú iná wá sí Oǹdó. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún náà, àwọn ológun tún padà. Àwọn tí ó dá iná náà rò pé alátakò wọn ni yóò jó. Ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn ọmọ wọn ni ó jó.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọkùnrin yín bá gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ kí ó dúró ní ibùdó ìdìbò láti dẹ́rù ba ènìyàn, kí ẹ má ṣe wí pé iṣẹ́ oòjọ́ ni. Àwọn ọkùnrin tí Abimeleki háyà pẹ̀lú gba owó iṣẹ́ wọn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Jetro, nínú Eksodu 18, ẹsẹ 21, fi òṣùwọ̀n mẹ́rin lé Mose lọ́wọ́: kí olórí jẹ́ ẹni tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà, tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, tí ó jẹ́ olóòótọ́, tí ó sì kórìíra èrè àìtọ́. Ilé baba kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí olúkúlùkù fi òṣùwọ̀n yìí wọn olùdíje kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn aládùúgbò jọ rìn lọ sí ibùdó ìdìbò, kí Yorùbá mú Ìgbò lọ, kí Ìgbò mú Ẹ̀gùn lọ, kí ó má baà sí ẹni tí a lè dá mọ̀ ní òun nìkan. Lẹ́yìn ìdìbò, kí a bẹ ẹni tí ó wọlé wò, yálà a dìbò fún un tàbí a kò dìbò fún un, kí a sì gbàdúrà fún un, gẹ́gẹ́ bí 1 Timoteu 2 ti pa á láṣẹ fún wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni àwọn ará Ṣekemu mọ̀ nípa Abimeleki kí wọ́n tó fi í jọba? Kí ni àwa mọ̀ nípa àwọn tí ń bèèrè ibò wa?

2. Ta ni ólífì, ọ̀pọ̀tọ́ àti àjàrà nínú ìjọ wa? Kí ni ìjọ lè ṣe láti ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lè gbà?

3. Bí a bá lé aládùúgbò rẹ kúrò ní ìlà ìdìbò ní ojú rẹ, kí ni ìwọ yóò ṣe ní wákàtí náà, kí ni ìwọ yóò sì sọ fún un ní Ọjọ́ Ìsinmi?

4. Àwọn wo nínú ìjọ wa ni ebi lè mú kí wọ́n ta ibò? Ta ni yóò lọ bẹ̀ wọ́n wò ní oṣù yìí?

ÀDÚRÀ

Olúwa, Ọba àwọn ọba, ìwọ tí o gbọ́ ohùn Jotamu lórí òkè, fún wa ní olórí tí ó bẹ̀rù rẹ. Gba ọwọ́ àwọn ọmọ wa kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, má sì jẹ́ kí a ta ìlú wa fún oúnjẹ ọjọ́ kan. Àwọn tí a jọ ń gbé òpópó kan, tí a sì jọ ń jẹ nínú àkàrà kan, jẹ́ kí a rí ara wa ní ọmọ ìyá. Nípa Jesu Kristi Olúwa wa. Àmín.